Bí wọ́n ṣe ń to àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà, àti ìdí tí ipò wọn kò fi dúró sójú kan

Nígbà tí àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà gbé èsì ọdún 2020 jáde, ènìyàn 4,342 péré ni Phoenix fi ju Philadelphia lọ. Phoenix ní 1,608,139, Philadelphia sì ní 1,603,797. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ló sọ ìlú tó wà nínú aṣálẹ̀ Arizona di ìlú karùn-ún tó tóbi jù ní orílẹ̀-èdè náà, tó sì ti Philadelphia, níbi tí wọ́n ti buwọ́ lu ìwé òmìnira Amẹ́ríkà, lọ sí ipò kẹfà.

Àríyànjiyàn lórí irú ipò báyìí kì í tán ní Amẹ́ríkà, mi ò sì bá wọn wí sí i. Iye ènìyàn ni ìjọba àpapọ̀ fi ń pín ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́, òun ni wọ́n fi ń pín ìjókòó ilé aṣòfin fún àwọn ìpínlẹ̀, òun náà sì ni oníṣòwò máa ń wò kó tó pinnu ibi tí yóò kọ́ ilé ìtajà sí. Àwa náà kò sí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Ìbéèrè tí ẹni tó bá rí físà gbà máa ń kọ́kọ́ bi àwọn ẹbí rẹ̀ tó ti wà lọ́hùn-ún ni pé ìlú wo ni kí òun forí lé, ìdáhùn tó sì máa ń rí gbà sábà máa ń kún fún ìròyìn tó ti gbó: ẹ̀gbọ́n kan yóò ní kó má ṣe dé Chicago rárá nítorí ìbọn, àǹtí kan yóò ní New York kò ṣeé gbé mọ́, ẹlòmíràn yóò ní Texas ni gbogbo ayé ń kó lọ. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwọ̀n náà, nítorí ibi tí a bá fa ààlà ìlú sí àti ohun tí a bá yàn láti wọ̀n ló ń sọ ìlú tí yóò ṣe ipò kìn-ín-ní, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ìlú tó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn sábà máa ń jẹ́ ti ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ààlà. Lójú òfin Amẹ́ríkà, ìlú ni ibi tí àṣẹ ìjọba ìlú kan dé, kò sì sí ohun tó sọ pé àṣẹ náà gbọ́dọ̀ gùn dọ́gba láti ìlú kan sí òmíràn. Ilẹ̀ Houston fẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́tàlá ilẹ̀ Boston lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Houston fi ń gba ilẹ̀ àyíká mọ́ra. Ní ọdún 1996 ó gba àdúgbò Kingwood bí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tilẹ̀ ń kọ̀, ìgbà tí ìpínlẹ̀ Texas sì ṣe òfin ní ọdún 2017 pé ní àwọn káúntì ńlá (káúntì ni ìpín ìjọba tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀), àwọn olùgbé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìbò sí i, ni irú gbígba ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó di ohun tó nira. Jacksonville, ní Florida, gba ọ̀nà mìíràn: ní ọdún 1968, ó da ìjọba rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti káúntì Duval, ilẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti Boston. Nítorí èyí ni ìkànìyàn ọdún 2020 fi fún Jacksonville ní 949,611, tí ó fún Boston ní 675,647. Ẹni tó bá ka ìwé lásán yóò rò pé Jacksonville ni ìlú ńlá nínú àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, tí a bá ka àwọn tó ń gbé ní àyíká, tí wọ́n ń wọ ìlú ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń lo pápákọ̀ òfuurufú kan náà, Boston ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.9, Jacksonville kò sì ju bíi mílíọ̀nù 1.6 lọ.

Ìwọ̀n kejì yìí ni wọ́n ń pè ní agbègbè ìlú ńlá. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ètò ìsúná fún ààrẹ Amẹ́ríkà ló ń fa ààlà rẹ̀: ó máa ń kó àwọn káúntì tí ọ̀pọ̀ olùgbé wọn ń lọ síṣẹ́ lójoojúmọ́ nínú ìlú kan náà pọ̀ sójú kan. Bí a bá fi ìwọ̀n yìí wo ọdún 2020, New York ní bíi mílíọ̀nù 20, Los Angeles ní 13, Chicago ní 9.6; Dallas àti Fort Worth tí wọ́n so pọ̀ ní 7.6, Houston ní 7.1, Washington ní 6.4, Philadelphia ní 6.2. Phoenix, tó fi ènìyàn 4,342 gba ipò lọ́wọ́ Philadelphia, kò ní ju mílíọ̀nù 4.8 lọ. Atlanta àti Miami ló yani lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí nínú ààlà ìlú gan-an, kò sí èyí tó ní ìdajì mílíọ̀nù nínú wọn ní ọdún 2020, ṣùgbọ́n agbègbè ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ. Ní tèmi, agbègbè ìlú ló sún mọ́ òtítọ́ jù fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ìlú ṣe tóbi tó lójú ayé. Àwọn èèyàn wa tó wà níbẹ̀ pàápàá ń jẹ́rìí sí i láìmọ̀: ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń sọ pé Houston ni àwọn ń gbé, Katy, Sugar Land tàbí Missouri City ni ilé wọn wà, wọn kì í dìbò yan olórí ìlú Houston, wọn kò sì sí nínú iye rẹ̀. Bákan náà ni àwọn tó ń gbé ní Bowie tàbí Lanham, ní káúntì Prince George's ní Maryland, ṣe máa ń sọ fún àwọn ará ilé pé DC, ìyẹn Washington, ni àwọn wà.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ ipò yìí gbóná tó bẹ́ẹ̀ ni pé ìyípadà tó dé bá àwọn ìlú náà láàrin àádọ́rin ọdún pọ̀ gan-an. Ní ọdún 1950, ìlú márùn-ún tó tóbi jù ni New York, Chicago, Philadelphia, Los Angeles àti Detroit. Nígbà náà, Philadelphia ní 2,071,605, Phoenix kò sì ní ju 106,818 lọ. Houston ní 596,163. Ní ọdún 2020 ó ti di 2,304,580. Ní òdìkejì, Detroit já wálẹ̀ láti 1,849,568 sí 639,111, St. Louis sì já láti 856,796 sí 301,578, èyí tó túmọ̀ sí pé nínú ènìyàn mẹ́ta tó wà ní ìlú méjèèjì wọ̀nyí ní 1950, bí ẹni kan ṣoṣo ló kù.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló fà á. Ẹ̀rọ amúlétutù mú kí ilẹ̀ gbígbóná Texas, Arizona àti Florida ṣeé gbé. Òfin òpópónà márosẹ̀ ọdún 1956 jẹ́ kí ènìyàn lè máa gbé jìnnà sí ibi iṣẹ́. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ àti ti irin bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn tàbí kí wọ́n kó lọ sí ibi tí owó òṣìṣẹ́ ti kéré. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ sílẹ̀, àlàyé náà kò ní pé. Láti nǹkan bí ọdún 1910 títí di 1970, bíi mílíọ̀nù mẹ́fà aláwọ̀ dúdú ló kúrò ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n sá fún òfin ìyàsọ́tọ̀ àti ìpakúpa, tí wọ́n sì forí lé Chicago, Detroit, Philadelphia, New York àti àwọn ìlú mìíràn níbi tí iṣẹ́ wà. Ìjọba àti báńkì kò fẹ́ yá ènìyàn lówó ilé ní àdúgbò tí aláwọ̀ dúdú bá ti ń gbé, àwọn aláwọ̀ funfun sì ń kó lọ sí àwọn ìlú kéékèèké tó yí ìlú ńlá ká, pẹ̀lú owó orí wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ àwọn tó wá láti Gúúsù fi dàgbà, iṣẹ́ ti ń tán, àpò ìjọba ìlú sì ti ń gbẹ. Detroit bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di oṣù Keje ọdún 2013, nígbà tó lọ sílé ẹjọ́ láti kéde pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́.

Lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló ń padà sí Gúúsù. Atlanta, Houston, Dallas àti Charlotte ni ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tó kàwé, tó ń wá ilé tí apá rẹ̀ ká, ń kó lọ. Chicago, tó ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.2 aláwọ̀ dúdú ní ọdún 1980, kò ní tó 800,000 mọ́ ní ọdún 2020. Ní Washington, níbi tí aláwọ̀ dúdú ti tó ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún 1970, wọ́n ti di bí ìdá mọ́kànlélógójì. Ẹ̀yin tó ń ka àtẹ iye ènìyàn kò ní rí èyí níbẹ̀. Ẹ wo Chicago: ó ní 2,695,598 ní ọdún 2010, ó ní 2,746,388 ní ọdún 2020, ó sì dúró sí ipò kẹta ní ìgbà méjèèjì. Ojú àtẹ sọ pé nǹkan kan kò yí padà. Nínú ìlú fúnra rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ti tì ní apá Gúúsù àti apá Ìwọ̀-oòrùn nítorí pé àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú ti kó lọ, ilé gíga tuntun ń jáde ní àárín ìlú, àwọn tí ìran wọn ti Mẹ́síkò àti àwọn orílẹ̀-èdè Látìn wá sì ti pọ̀ díẹ̀ ju aláwọ̀ dúdú lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí aláwọ̀ funfun, Látìn àti aláwọ̀ dúdú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ìlú náà sí mẹ́ta dọ́gba. Ìlú tí ẹ̀gbọ́n rẹ gbé ní ọdún 1995 àti èyí tí ìwọ fẹ́ lọ gbé lónìí kàn ń jẹ́ orúkọ kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn ni ìròyìn àtijọ́ ti ń ṣe ìpalára jù. Ní ọdún 1990, wọ́n pa ènìyàn tó lé ní 2,200 ní New York. Ní ọdún 2024, iye náà kò tó 400, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlú náà ti fi ju mílíọ̀nù kan pọ̀ sí i láàrin àkókò yẹn. Baltimore, tí ìpànìyàn ibẹ̀ ju 300 lọ lọ́dọọdún láti 2015 títí di 2022, ka 201 ní ọdún 2024. Detroit ka 203 ní ọdún kan náà, èyí tó kéré jù láti ọdún 1965. Síbẹ̀, nínú ìwádìí èrò ará ìlú tí iléeṣẹ́ Gallup máa ń ṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ní ọdọọdún ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń sọ pé ìwà ọ̀daràn ń pọ̀ sí i ní orílẹ̀-èdè wọn. Bí a bá sì bi wọ́n léèrè nípa àdúgbò tiwọn, àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ máa ń dín kù. Ojú wọn ni wọ́n fi ń wo àdúgbò wọn, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n sì fi ń wo ti ẹlòmíràn.

Chicago ló ń jẹ ìyà èyí jù. Ìlú náà ka ìpànìyàn 573 ní ọdún 2024, èyí tó pọ̀ gan-an, tí kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá pín in lórí iye ènìyàn, ó jẹ́ nǹkan bíi mọ́kànlélógún nínú ènìyàn 100,000. Ti St. Louis, tó ka 150 lọ́dún náà, ju àádọ́ta lọ nínú 100,000. Síbẹ̀, ìṣirò St. Louis náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ní ọdún 1876, ìlú náà ya ara rẹ̀ kúrò lára káúntì rẹ̀, ààlà rẹ̀ kò sì sún láti ìgbà náà. Àdúgbò àwọn tálákà tó wà láàrin ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka àdúgbò àwọn olówó tó wà níta. Ká ní Houston fa ààlà tirẹ̀ mọ́ àárín ìlú nìkan bẹ́ẹ̀ ni, ipò rẹ̀ ì bá yàtọ̀ pátápátá. FBI, tó ń kó ìròyìn wọ̀nyí jọ, fúnra rẹ̀ ti ń kìlọ̀ tipẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wọ́n to ìlú sípò. Ìkìlọ̀ náà kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump kó àwọn ẹ̀ṣọ́ National Guard wọ Washington, ó sì gba àkóso ọlọ́pàá ìlú náà fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú àlàyé pé ìwà ọ̀daràn ti gba ìlú. Bẹ́ẹ̀, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún yẹn ni iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ àpapọ̀ ti kéde pé ìwà ipá ní Washington kò tíì kéré tó ti 2024 láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ mìíràn tún wà tí ìwé ìròyìn àti iléeṣẹ́ ilé títà máa ń gbé jáde lọ́dọọdún: ìlú tó dára jù láti gbé. Ní ọdún 1985, ìwé kan tó gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ yìí fi Pittsburgh ṣe ipò kìn-ín-ní nínú agbègbè 329, ó sì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu nítorí iléeṣẹ́ irin ibẹ̀ ń kú lọ́wọ́ nígbà náà. Ní ọdún 1987, onímọ̀ ìṣirò mẹ́rin tún ìṣirò ìwé náà gbé yẹ̀ wò. Nǹkan mẹ́sàn-án ni ìwé náà wọ̀n, lára wọn ni ojú ọjọ́, owó ilé, ètò ìlera, ìwà ọ̀daràn àti ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n kàn yí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó padà ni, láì fọwọ́ kan ìròyìn kankan, wọ́n sì rí i pé ìlú 134 ló lè ṣe ipò kìn-ín-ní, pé 150 ló lè gbẹ̀yìn, àti pé 59 wà tó lè ṣe èyí tàbí èyí. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni mo ti ń bi ara mi, nígbàkígbà tí mo bá rí irú àtẹ bẹ́ẹ̀, pé irú ènìyàn wo ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Ọ̀dọ́ tí kò ní ọkọ̀, tó ń lo ọkọ̀ ojú irin New York tàbí Boston, kò ní rí ìlú kan náà pẹ̀lú ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń wá ilé onígbọ̀ngàn àti ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí. Wọ́n máa ń gbé Texas ga nítorí pé ìpínlẹ̀ náà kì í gba owó orí lórí owó oṣù. Ẹni tó bá ra ilé níbẹ̀ ni yóò sọ bí owó orí ilé ṣe ga tó. Wọ́n máa ń ka oòrùn Phoenix sí ìbùkún nínú àtẹ, ṣùgbọ́n ní ọdún 2023, ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n léraléra ni ooru ibẹ̀ fi tó ìwọ̀n 43 Sẹ́líṣọ́ọ̀sì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ìjì Harvey ọdún 2017 kò tíì kúrò lọ́kàn ọ̀pọ̀ ìdílé ní Houston, títí kan àwọn èèyàn wa.

Iye ènìyàn gan-an, tí gbogbo èyí dúró lé, kò dúró sójú kan. Lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún 2020, àjọ náà ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ ara rẹ̀, ó sì rí i pé òun ka aláwọ̀ dúdú dín pẹ̀lú ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, òun sì ka àwọn Látìn dín pẹ̀lú bí ìdá márùn-ún. Ènìyàn 4,342 tó wà láàrin Phoenix àti Philadelphia kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sì sí ẹni tó lè fi ọkàn balẹ̀ sọ ìlú tó jù ní ọjọ́ náà gan-an. Láàrin ìkànìyàn méjì, iye tí wọ́n ń fojú bù ni wọ́n ń gbé jáde. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ kòrónà, iye yìí fi hàn pé New York ti pàdánù ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ènìyàn, àwọn ìwé ìròyìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé bí ẹni ń kọ̀wé ìsìnkú. Nígbà tí àjọ náà yí bó ṣe ń ka àwọn tó ń wọlé láti òkè òkun padà, èsì tó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 fi hàn pé ìlú náà ti tún ń pọ̀ sí i, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 8.5. Èsì kan náà ló fi Jacksonville àti Fort Worth sára àwọn ìlú tó ju mílíọ̀nù kan lọ. Detroit náà ti pọ̀ sí i ní ọdún 2023, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1957.

Àríyànjiyàn tó kù ni ti ẹni tó yẹ kí wọ́n kà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Ààrẹ Trump sọ pé òun ti pàṣẹ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìkànìyàn tuntun tí kò ní ka àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú, nígbà tí àtúnṣe kẹrìnlá nínú òfin orílẹ̀-èdè náà sọ pé gbogbo ènìyàn tó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n kà. Bí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, Los Angeles, Houston, New York àti Dallas ni yóò kọ́kọ́ kàn. Kì í ṣe ohun tó jìnnà sí wa. Nínú fọ́ọ̀mù ọdún 2020 ni ìjọba ti kọ́kọ́ fún aláwọ̀ dúdú ní àlàfo láti kọ orírun rẹ̀, wọ́n sì kọ ọmọ Nàìjíríà síbẹ̀ lára àpẹẹrẹ; ìdí nìyẹn tí a fi mọ̀ pé àwọn tó sọ pé àwọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà lé ní 600,000, tí wọ́n pọ̀ ju ìran mìíràn lọ láti ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin ọdún 2030 ni ọjọ́ ìkànìyàn tó ń bọ̀. Ibi tí ènìyàn ti ń sùn jù ni wọn yóò kọ sílẹ̀ fún un, ìdílé Yorùbá tó wà ní Katy yóò sì jẹ́ ti Katy nínú ìwé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Houston ni wọ́n ń sọ fún àwọn ará ilé.